F-15 Strike Eagle: Ìtàn Géèmù Bàálù Ogun Kan Láti Ìgbà Kọ̀ǹpútà Ilé Àkọ́kọ́

F-15 Strike Eagle ni géèmù bàálù ogun tí iléeṣẹ́ MicroProse, ní ìpínlẹ̀ Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1984 fún kọ̀ǹpútà ilé tí Atari ń ṣe. Sid Meier ló kọ ọ́. Bill Stealey, ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò, ló gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ń gbá a yóò jókòó sí àyè awakọ̀, yóò gbéra láti ibùdó, yóò bá bàálù ọ̀tá jà lójú ọ̀run, yóò ju bọ́ǹbù síbi tí wọ́n rán an, yóò sì wá ọ̀nà padà sílé kí epo tó tán. Lónìí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ya ọmọdé lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1984, lórí ẹ̀rọ tí gbogbo agbára ìrántí rẹ̀ kò tó àyè tí fọ́tò kan ṣoṣo ń gbà lórí fóònù wa, iṣẹ́ ńlá ni.

Ọ̀pọ̀ ló ti sọ nípa géèmù yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà ìgbà náà sọ tiwọn, Meier sọ tirẹ̀ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2020, àwọn tó gbá géèmù náà nígbà èwe sì ń sọ ohun tí wọ́n rántí. Ẹnì kan á ní 1984 ló jáde, ẹlòmíràn á ní 1985. Ẹnì kan á ní bàálù F-15E ló wà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn á ní rárá. Àwọn kan ní ìkọlù tí Amẹ́ríkà ṣe sí Líbíà ní 1986 ni wọ́n fi ṣe é. Àpilẹ̀kọ yìí kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì sọ èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó tọ́ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní èdè wa, kí ó sì wà ní àrọ́wọ́tó àwọn ará Ọ̀tà. Ìlú Àwórì yìí, pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ tó kún Sango títí wọ ojú ọ̀nà Ìdírókò, ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Covenant University ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002, Bells University of Technology sì tẹ̀lé e ní 2005. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe géèmù lónìí yóò jàǹfààní bó bá mọ ohun tí àwọn aṣáájú fi ẹ̀rọ kékeré ṣe, àti bí wọ́n ṣe ṣe é.

Kí F-15 tó dé

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ìwakọ̀ bàálù di ohun tí ará ilé lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni Bruce Artwick. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní University of Illinois, níbi tó ti kọ ìwé àṣekágbá ní 1975 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi ohun tí awakọ̀ ń rí lójú òfuurufú hàn. Lẹ́yìn èyí ni iléeṣẹ́ rẹ̀, subLOGIC, gbé Flight Simulator jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Àwọn kan kọ 1979 sí i, àwọn mìíràn kọ 1980. Ìyàtọ̀ oṣù díẹ̀ ni, kò sì yí ohunkóhun padà nínú ìtàn yìí. Ohun tó yẹ ká mú dání ni pé géèmù náà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ní 16K agbára ìrántí péré, àti pé ìjà wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń gbá a lè bá bàálù ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní wọ̀yá ìjà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìwakọ̀ àti ogun ti jọ wà pọ̀. Ní 1982, Microsoft gbé iṣẹ́ Artwick lọ sórí kọ̀ǹpútà IBM, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti kárí ayé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ Digital Integration gbé Fighter Pilot jáde ní 1983 fún kọ̀ǹpútà ilé ZX Spectrum. Dave Marshall ló kọ ọ́. A ó padà sí géèmù yìí nísàlẹ̀, nítorí F-15 ni bàálù tó wà nínú rẹ̀ náà.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn yìí ń bá ṣiṣẹ́. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà Atari ìgbà náà ni 6502, tí eré rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù méjì ìgbésẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ yìí mọ àròpọ̀, ó mọ àyọkúrò, ṣùgbọ́n kò mọ ìsọdipúpọ̀ rárá. Ẹni tó ń kọ ètò ni yóò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ìsọdipúpọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ bàálù. Bí awakọ̀ bá fi bàálù dẹ̀gbẹ́, gbogbo orígun òkè, gbogbo ojú ọ̀nà ibùdó àti gbogbo ìyẹ́ bàálù ọ̀tá gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹ̀rọ, ìṣirò púpọ̀ sì ni kálukú wọn ń fẹ́. Ọ̀nà tí àwọn tó ń kọ géèmù fi yọ nínú wàhálà yìí ni pé wọ́n máa ń ṣe ìṣirò náà tẹ́lẹ̀, wọn á to èsì rẹ̀ jọ sínú àtẹ, bí ìyá aláta ṣe ń to ata rẹ̀ ní ìṣọ̀rí-ìṣọ̀rí kí oníbàárà tó dé ọjà. Bí géèmù bá ti ń lọ, kọ̀ǹpútà kò ní láti ṣírò mọ́. Yóò kàn mú èyí tó bá wúlò. Ìlà lásán ni wọ́n sì fi ń ya òkè àti bàálù, wọn kì í fi àwọ̀ kún inú rẹ̀, nítorí àwọ̀ kíkún ń jẹ àkókò.

Ìbẹ̀rẹ̀ MicroProse

Ìlú Sarnia, ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti bí Sid Meier ní 1954. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní University of Michigan, ó sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ General Instrument nígbà tó pàdé Bill Stealey. Stealey jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, ó ti wa bàálù fún ìjọba, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ òwò. Ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo ni Meier. Stealey ní tirẹ̀ kì í dákẹ́.

Ibi tí wọ́n ti di ọ̀rẹ́ ni ìpàdé iléeṣẹ́ kan ní ìlú Las Vegas ní 1982. Ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n sì bọ́ sídìí ẹ̀rọ géèmù Red Baron, géèmù bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní tí Atari ṣe fún ibi ìgbafẹ́. Stealey, awakọ̀ gidi, gbá a, ó sì rò pé òun ti borí. Meier gbá tirẹ̀, ó sì fi àmì tó pọ̀ gan-an jù ú lọ. Nígbà tí Stealey bi í bó ṣe ṣe é, Meier ní òun ti wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ronú, òun sì ti mọ ohun tó máa ṣe kó tó ṣe é. Ó fi kún un pé òun lè kọ géèmù tó dára ju èyí lọ. Stealey ní bó bá kọ ọ́, òun á tà á.

Àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ kan ni Meier dá; àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kò yẹ ká máa jà lé èyí lórí, nítorí nǹkan bí oṣù méjì ló gbà á ní tòótọ́. Hellcat Ace ni orúkọ géèmù tó mú wá, lórí bàálù tí Amẹ́ríkà fi bá Jàpáánì jà lórí òkun Pàsífíìkì. Láti inú géèmù yìí ni MicroProse ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ní agbègbè Hunt Valley. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń di díìsìkì rẹ̀ sí. Stealey a máa gbé e kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, a sì máa fi tẹlifóònù pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé oníbàárà lásán ni òun, tí òun ń béèrè Hellcat Ace, kí wọ́n lè rò pé ayé ń wá a.

Géèmù bàálù ń tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn náà. Spitfire Ace mú ìjà ojú ọ̀run ilẹ̀ Yúróòpù. MiG Alley Ace, tí Andy Hollis kọ ní 1983, mú ogun Kóríà, èèyàn méjì sì lè jọ gbá a lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n pín ojú ẹ̀rọ sí méjì. Solo Flight, tí Meier kọ ní 1983, kò ní ogun rárá: lẹ́tà ni awakọ̀ ń gbé láti pápákọ̀ kan dé òmíràn ní Kansas, Colorado àti Washington, ó sì ń wo bàálù tirẹ̀ láti ẹ̀yìn. Inú géèmù yìí ni Meier ti kọ́ bí ojú ọjọ́, ohun èlò ìwakọ̀ àti ìwúwo bàálù ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ka ìtàn F-15 tó fo Solo Flight ti fo gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tí Hellcat Ace mọ̀ nípa ìjà àti ohun tí Solo Flight mọ̀ nípa ìwakọ̀ ni wọ́n pò pọ̀ tó di F-15 Strike Eagle.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé F-15 Strike Eagle kì í ṣe iṣẹ́ Meier nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ ètò tó gbé e ró. Stealey ló mọ ohun tí awakọ̀ ogun ń wò, ohun tó ń bẹ̀rù àti ohun tó ń fi ṣọlá. Meier ló mọ èyí tí ọpọlọ 6502 lè gbà nínú rẹ̀ àti èyí tó gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀.

Bí géèmù náà ṣe rí

Ojú ẹ̀rọ pín sí méjì. Lókè ni ojú ọ̀run àti ilẹ̀ wà, pẹ̀lú àwọn àmì tí awakọ̀ F-15 gidi ń rí lórí gíláàsì iwájú rẹ̀: bí eré rẹ̀ ṣe tó, bó ṣe ga tó, ibi tó kọjú sí àti ibi tí ohun ìjà rẹ̀ ń wò. Nísàlẹ̀ ni máàpù, réda àti àwọn ohun èlò yòókù wà. Ìbọn ńlá wà fún ìjà ìfojúkojú, mísáìlì Sidewinder wà fún ọ̀tá tó súnmọ́, mísáìlì Sparrow wà fún èyí tó jìnnà, bọ́ǹbù sì wà fún ohun tó wà nílẹ̀. Bí ọ̀tá bá ju mísáìlì sí awakọ̀, ó lè tú iná ìtànjẹ sílẹ̀ fún èyí tó ń lé ooru, tàbí kó da réda rú fún èyí tó ń lo réda. Ó lè tan iná ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kó lè sáré, àmọ́ epo rẹ̀ yóò máa jó lọ kíákíá.

Epo yìí ni ọkàn géèmù náà. Ẹni tó bá ń fi iná ẹ̀yìn sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò tètè dé ibi tó ń lọ, kò sì ní padà sílé. Ẹni tó bá fọwọ́ wọ́nú yóò pẹ́ lójú ọ̀run, àwọn ọ̀tá yóò sì rí àyè yí i ká. Bí ẹni tó ń gbá a bá yan ìpele tó le jù, àṣìṣe ẹyọ kan ti tó láti pa á. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbá a fi máa ń rántí ọ̀nà ilé ju ìjà lọ.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ nípọn ju bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí lọ. Ó ṣàlàyé bí bàálù ṣe ń yí, ìdí tí ìyẹ́ fi ń pàdánù agbára ìgbéró bí eré bá lọ sílẹ̀ jù, àti bí a ṣe ń sá fún mísáìlì. Inú rẹ̀ ni àmì àṣírí tí kọ̀ǹpútà ń béèrè tún wà, láti dènà àwọn tó ń da díìsìkì kọ. Ọ̀nà yìí ni MicroProse lò fún ọdún púpọ̀: ìwé àti géèmù kò ṣeé yà nípá.

Ọdún wo ló jáde?

Àríyànjiyàn yìí ló gbòde jù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ tú u. Àwọn tó ń sọ pé 1985 kò parọ́: ní 1985 ni ẹ̀yà Commodore 64, ẹ̀yà Apple II àti ẹ̀yà IBM jáde, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì rà. Ẹni tó bá wo díìsìkì Commodore rẹ̀ tó rí 1985 lára rẹ̀ kò ní ìdí láti rò pé nǹkan kan ti ṣáájú. Ṣùgbọ́n Atari ni Meier fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà Hellcat Ace, orí Atari ló sì ti máa ń kọ géèmù rẹ̀ kó tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀yà Atari yìí ló jáde ní 1984.

Nítorí náà, 1984 ni ọdún géèmù náà. 1985 ni ọdún tó kárí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ 1985 gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀rọ tó ń sọ. Bí gbogbo àkójọ géèmù bá tẹ̀ lé ìlànà kan ṣoṣo yìí, ìdajì àríyànjiyàn tó wà nínú wọn yóò tán.

Bàálù wo ni?

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa ni ti bàálù. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ Strike Eagle, F-15E ló máa rò: bàálù oníjókòó méjì tó ń ju bọ́ǹbù lọ́sàn-án àti lóru. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ nípa géèmù yìí ló sì sọ pé F-15E ló wà nínú rẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. F-15 àkọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 27 oṣù keje, 1972. Ìjà lójú ọ̀run nìkan ni àwọn tó ṣe é fẹ́ kó máa jà. Wọn kò fẹ́ kó máa ru ẹrù bọ́ǹbù. F-15E ní tirẹ̀ kò fò rí títí di ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, 1986, ọdún méjì lẹ́yìn tí géèmù ti wà lọ́jà. Ó di 1988 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún àwọn ológun.

Níbo wá ni Meier àti Stealey ti rí orúkọ náà? Iléeṣẹ́ McDonnell Douglas, tó ń ṣe F-15, kò fẹ́ kí bàálù wọn máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn àkọ́ṣe wọn tó ní ìjókòó méjì, wọ́n tún un ṣe láti fi han ìjọba pé ó lè ju bọ́ǹbù, wọ́n sì gbé e fò ní 1980. Strike Eagle ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kejì, 1984, àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà yan èrò yìí, wọ́n sì fi F-16XL tó bá a díje sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni géèmù jáde. Orúkọ náà wà lẹ́nu àwọn awakọ̀ kó tó di orúkọ bàálù tí wọ́n ń tà, awakọ̀ sì ni Stealey.

Ohun tó wà nínú géèmù, tí a bá wò ó láìṣègbè, ni F-15 oníjókòó kan tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tí F-15E yóò wá ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Kì í ṣe àṣìṣe. Géèmù náà rí ibi tí bàálù ń lọ kí bàálù tó débẹ̀.

Ìjà méje

Ìjà méje ló wà nínú géèmù náà: Líbíà 1981, Íjíbítì 1973, Haiphong ní Vietnam 1972, Síríà, Hanoi ní Vietnam 1972, Ìráàkì 1981 àti Òkun Páṣíà 1984. Inú ìròyìn tòótọ́ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, èyí sì ti mú kí àwọn kan rò pé F-15 ló jà wọ́n ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti Líbíà wá láti inú ìjà ojú òkun Sidra, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, 1981, nígbà tí àwọn ará Líbíà pàdánù bàálù méjì. F-14 àwọn ológun orí omi Amẹ́ríkà ló já wọn bọ́, láti orí ọkọ̀ Nimitz; F-15 kò sí níbẹ̀. Àwọn tó sọ pé ìkọlù Tripoli àti Benghazi ní oṣù kẹrin, 1986, ni wọ́n fi ṣe géèmù náà gbàgbé pé géèmù ti pé ọdún méjì nígbà náà, F-15 kò sì kópa nínú ìkọlù yẹn náà. F-111 àti àwọn bàálù orí omi ni. Ti Vietnam kò lè jẹ́ F-15, nítorí ní 1972 ni F-15 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ní California. Ti Íjíbítì náà kò lè jẹ́ F-15: ìparí 1976 ni Ísírẹ́lì tó gba tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìráàkì ni F-15 ti wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, 1981, F-16 mẹ́jọ ti Ísírẹ́lì ju bọ́ǹbù sí ilé iná átọ́míìkì Osirak, F-15 mẹ́fà sì ń ṣọ́ wọn. Ní 1984, F-15 Saudi Arébíà já bàálù Ìránì bọ́ lókè Òkun Páṣíà, ọdún kan náà tí géèmù jáde. Nítorí náà, inú ìtàn ni ọ̀pọ̀ nínú ìjà yìí ti wá, ṣùgbọ́n bàálù géèmù jẹ́ àlejò nínú èyí tó pọ̀ jù.

Ó yẹ kí àwa tí a wà ní Áfíríkà fiyè sí ohun kan níhìn-ín. Ìjà àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń gbá a máa jà wà lókè Líbíà, ìkejì wà lókè Íjíbítì, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni méjèèjì. Ìlú tí èèyàn ń gbé ni àwọn àmì ìfojúsùn yẹn. Ìtàn géèmù kò pé bí a kò bá sọ ta ni wọ́n fi ṣe ọ̀tá àti ilẹ̀ ta ni wọ́n ya.

Ṣé òun ni F-15 àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà ilé?

Rárá. Fighter Pilot ti Digital Integration ti gbé F-15 sórí ZX Spectrum ní 1983, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ àti ìbalẹ̀ tó ṣòro sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé MicroProse ló kọ́kọ́ ṣe é, ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló ń wò. Ohun tí a lè fi yin F-15 Strike Eagle láìṣàbùmọ́ ni pé òun ló kọ́kọ́ so ìjà ojú ọ̀run, bọ́ǹbù sísọ, réda, epo àti ìjà tó ní orúkọ àti ọdún pọ̀ ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rà á. Iyì tó tó iyì ni. Kò nílò ipò àkọ́kọ́ tí kò jẹ.

Títà àti ìtànkálẹ̀

Owó F-15 ló sọ MicroProse di iléeṣẹ́ ńlá. Iye tí wọ́n tà yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu: mílíọ̀nù kan ni àwọn kan wí, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni àwọn mìíràn wí. Gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ ni wọ́n kà, ó sì dájú pé ó ju mílíọ̀nù kan lọ nígbà tó fi parí. Nígbà náà, géèmù tó bá ta ọ̀kẹ́ márùn-ún ẹ̀dà ti di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ní Yúróòpù, iléeṣẹ́ US Gold ló kọ́kọ́ ń bá wọn tà á, kí MicroProse tó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní Tetbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yà Amstrad, Spectrum, MSX àti Atari ST jáde láàárín 1986 àti 1987. Stealey kò sinmi ìpolówó: aṣọ awakọ̀ ló ń wọ̀ lọ sí ìpàtẹ, ó sì ní bàálù T-28 kan tí wọ́n ń pè ní Miss MicroProse, tó fi ń gbé àwọn oníròyìn lọ sókè, tó sì ń dojú wọn dé kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà ilé kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Àmọ́ ọdún 1984 kò ṣàjèjì sí bàálù ogun lọ́dọ̀ wa: ọdún yẹn ni àwọn ológun òfuurufú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba bàálù Jaguar 18 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì kó wọn sí Makurdi.

Àwọn tó tẹ̀ lé e

Owó F-15 ló tún ra òmìnira fún Meier. Silent Service, lórí ọkọ̀ abẹ́ omi, jáde ní 1985. Gunship, lórí hẹlikópítà, tẹ̀ lé e ní 1986. Ní 1987, Meier fẹ́ ṣe géèmù àwọn ọlọ́ṣà ojú òkun, ẹ̀rù sì ba Stealey pé àwọn tó ra F-15 kò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló ṣe é. Bí orúkọ Meier ṣe dé iwájú àpò géèmù nìyẹn: Sid Meier's Pirates!. Orúkọ yìí kan náà ló wà lórí Civilization ní 1991. Ẹni tó bá fẹ́ràn Civilization jẹ F-15 ní gbèsè ọpẹ́.

F-19 Stealth Fighter, 1988, gbé àwòrán tí inú rẹ̀ kún wá dípò ìlà lásán. Orí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ F-15 Strike Eagle II lé ní 1989, wọ́n sì fi àfikún ogun Gulf kún un ní 1991. Ẹ̀rọ ibi ìgbafẹ́ kan náà jẹ́ orúkọ F-15 Strike Eagle ní 1991, ẹ̀yà Nintendo sì jáde ní 1992. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ti títà, wọn kò fi nǹkan kan kún ìtàn náà. F-15 Strike Eagle III ló gbé F-15E gidi wá pẹ̀lú ìjókòó méjì. Àwọn kan kọ 1992 sí i, àwọn kan 1993. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà nígbà náà, géèmù Falcon tí iléeṣẹ́ Spectrum HoloByte bẹ̀rẹ̀ ní 1987 sì ti gba ọkàn àwọn tó fẹ́ kó dà bíi ti gidi.

Lẹ́yìn náà

Ní 1993 ni MicroProse àti Spectrum HoloByte di ọ̀kan. Hasbro rà wọ́n ní 1998, wọ́n ti ọwọ́ Hasbro bọ́ sí Infogrames, wọ́n sì ti ọ́fíìsì Hunt Valley ní 2003. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, David Lagettie tún gbé orúkọ MicroProse dìde, ó sì ń gbé géèmù ogun jáde lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń ṣe géèmù ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Maliyo Games ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wàhálà tí a ṣe kí a tó mọ ọdún tí F-15 Strike Eagle jáde yẹ kó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan: kí ẹni tó bá gbé géèmù jáde kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i, kó sì fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pa mọ́. Ìyókù, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lè fi ara wọn tò ó.